Ooru, Ìrì àti Òógùn Irin: Àlàyé lórí Dídènà Omi nínú Kọ̀ntéínà Akẹ́rù

1. Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òfin yìí kan ẹni tí ń wá orúkọ Yorùbá fún nǹkan inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Bí kò bá kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ tí yóò fún un lè ṣi oníṣẹ́ lọ́nà. Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn ni ọ̀rọ̀ omi tí ń sẹ̀ nínú kọ̀ntéínà tí a fi ń kẹ́rù lórí òkun.

Kòkó tí a sá dáadáa, tí a dì sínú àpò ìdọ̀họ, tí a sì tì mọ́ inú kọ̀ntéínà ní Àpápá, lè dé Amsterdam tàbí Hamburg kí àpò rẹ̀ ti rin, kí kòkó náà sì ti bu. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ihò lára kọ̀ntéínà náà, omi òkun kò sì wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ òkun kẹ́rù a máa pe èyí ní òjò inú kọ̀ntéínà. Àwọn mìíràn a ní irin ni ó làágùn.

Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, nígbà tí ọkọ̀ Ideal-X ti Malcom McLean gbé kọ̀ntéínà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà, ni irú àpótí irin bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀ nínú òwò ayé. Ní ayé àtijọ́, inú ikùn ọkọ̀ ni a ń to àpò kòkó sí, àwọn atukọ̀ a sì máa ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Kọ̀ntéínà tí a tì pa kò fún wọn ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́.

2. Ooru Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Nínú èdè ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe nǹkan méjì. Bí ẹnì kan bá sọ pé ooru mú lónìí, ìgbóná ni ó ń sọ. Bí ẹlòmíràn bá sọ pé ooru àmàlà ń rú, omi tí ó ti di afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ. Kò sí wàhálà nínú èyí nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a fi ń kọ́ oníṣẹ́ ní ọ̀nà àtibo kọ̀ntéínà, àṣìṣe ńlá ni, nítorí pé ohun tí ń dí ọ̀nà mọ́ ìgbóná lè má dí ọ̀nà mọ́ omi rárá. Òwú dára púpọ̀ fún dídènà ìgbóná, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ó lọ́rinrin ń gba àárín rẹ̀ kọjá fàlàlà.

Nítorí náà, nínú àlàyé yìí, ooru dúró fún ìgbóná nìkan. Omi-afẹ́fẹ́ ni orúkọ omi tí ó ti di afẹ́fẹ́, tí ojú kò sì rí. Ìdomi ni bí omi-afẹ́fẹ́ ti ń padà di omi nígbà tí ó bá kan ohun tí ó tutù. Ẹni tí ó bá ṣí ọmọrí ìkòkò tí ó wà lórí iná ti rí ìdomi: omi a máa kán láti inú ọmọrí náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó da omi sí i.

3. Ojú-Ìrì

Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná lè gba omi ju èyí tí ó tutù lọ. Bí a bá mú àyè kan tí òró rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gba omi tó bíi gíráàmù 30 ní ìwọ̀n 30°C. Ní 20°C, kò lè gbà ju bíi 17 lọ. Ní 10°C, kò ju bíi 9 lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù kọjá ibi tí ó ti lè di omi tí ó gbé mú, ìyókù gbọdọ̀ sẹ̀. Ìwọ̀n ìgbóná tí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni a lè pè ní ojú-ìrì.

Ìpín-ọ̀rinrin ni ìdá tí omi inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nínú gbogbo èyí tí ó lè gbà. Bí afẹ́fẹ́ inú kọ̀ntéínà bá wà ní 30°C, tí ìpín-ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80 nínú 100, ojú-ìrì rẹ̀ kò jìnnà sí 26°C. Èyí ni pé bí òrùlé irin bá fi dígírì mẹ́rin péré tutù ju afẹ́fẹ́ náà lọ, ìdomi lè bẹ̀rẹ̀.

4. Níbo ni Omi náà ti Wá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti inú afẹ́fẹ́ tí a tì mọ́ inú kọ̀ntéínà ni omi náà ti wá. Ìṣirò kò gbè wọ́n. Àyè inú kọ̀ntéínà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ bíi mítà 33 ní ìwọ̀n tí a ṣàpèjúwe lókè. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tilẹ̀ gba omi kún ní 30°C, gbogbo omi náà kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ.

Ara ẹrù ni omi wà. A ka kòkó sí gbígbẹ nígbà tí omi inú rẹ̀ kò bá ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ. Nínú kòkó kílógíráàmù 12,500, èyí já sí omi tí ó lé ní kílógíráàmù 900. Ilẹ̀ pákó kọ̀ntéínà àti igi tí a fi gbé ẹrù dúró ní omi tiwọn pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn ń tú u sínú afẹ́fẹ́ bí wọ́n bá gbóná.

Àkókò tí kòkó Nàìjíríà pọ̀ jù ni ìparí ọdún sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, èyí tí ó bọ́ sí ìgbà otútù ní Yúróòpù. Bí ọkọ̀ ti ń lọ sí ìhà àríwá, irin ń yára tutù, ṣùgbọ́n àárín ẹrù ṣì di ìgbóná Àpápá mú. Omi-afẹ́fẹ́ a ti inú ẹrù gbígbóná gòkè, a kan òrùlé tútù, a di omi, a sì kán padà sórí àpò.

5. Iṣẹ́ Ìdènà-Ooru

Ìdènà-ooru ni ohunkóhun tí a fi sí àárín irin àti afẹ́fẹ́ inú kí ìgbóná má baà tètè kọjá. Irin ń jẹ́ kí ooru kọjá ju fóòmù líle lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 1,000. Bí a bá fi fóòmù bo inú òrùlé, ojú tí afẹ́fẹ́ kàn kì í tutù tó ojú-ìrì bọ̀rọ̀. Bí a bá fi àyè kékeré sílẹ̀ láìbò, ibẹ̀ gan-an ni omi yóò ti máa kán.

Ṣùgbọ́n ìdènà-ooru kì í pa omi rẹ́. Ó kàn ń fa ìtutù sẹ́yìn ni. Bí ìrìn bá gùn, gbogbo inú kọ̀ntéínà yóò tutù nígbẹ̀yìn. Nítorí náà ni a ṣe ń sá kòkó gbẹ kí a tó dì í, tí a ń yan igi gbígbẹ, tí a ń fi páálí tẹ́ ara irin, tí a sì ń so àpò iyọ̀ kálísíọ́ọ̀mù kílóráìdì kọ́ inú rẹ̀. Iyọ̀ yìí lè fa omi tí ó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

6. Inú ni, tàbí Ẹ̀gbẹ́ tí ó Gbóná?

Kọ̀ntéínà tí a sọ di ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún atúmọ̀ èdè. Ìwé tí a kọ ní Yúróòpù a máa pàṣẹ pé kí a ta ọ̀rá ìdènà-omi-afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ inú. Òótọ́ ni níbẹ̀, nítorí pé inú ilé ni ó gbóná nígbà otútù, láti inú sì ni omi-afẹ́fẹ́ ti ń lọ síta. Bí onítumọ̀ bá kọ "inú" bẹ́ẹ̀ fún oníṣẹ́ Èkó tí yóò fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ṣì í lọ́nà: níbí, ìta ni ó gbóná tí ó sì lọ́rinrin. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá rí àlàfo wọlé, ọ̀rá tútù tí ó wà nínú ni omi rẹ̀ yóò sẹ̀ sí lára, yóò sì rin ìdènà-ooru láti ẹ̀yìn láìsí ẹni tí yóò rí i.

Ìlànà tí kì í yẹ̀ níbi méjèèjì ni pé ẹ̀gbẹ́ tí ó gbóná ni ìdènà-omi-afẹ́fẹ́ ń gbé. Ní Èkó, awọ irin kọ̀ntéínà fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí bí a bá dí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ dáadáa. Gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé Yorùbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "inú" tí a yá láti ilẹ̀ otútù.

7. Àkójọ Ọ̀rọ̀

Ooru: ìgbóná nìkan.
Omi-afẹ́fẹ́: omi tí ó ti di afẹ́fẹ́.
Ìdomi: pípadà omi-afẹ́fẹ́ di omi.
Ojú-ìrì: ìwọ̀n ìgbóná tí ìdomi ti ń bẹ̀rẹ̀.
Ìpín-ọ̀rinrin: ìdá tí omi inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nínú èyí tí ó lè gbà.
Ìdènà-ooru: ohun tí ń fa ìkọjá ìgbóná sẹ́yìn.
Ìdènà-omi-afẹ́fẹ́: ohun tí kì í jẹ́ kí omi-afẹ́fẹ́ kọjá.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lè gbé ìkòkò omi gbígbóná kan àti ọmọrí irin méjì wá sí kíláàsì, kí ó fi aṣọ tí ó nípọn bo ẹ̀yìn ọ̀kan, kí ó sì fi wọ́n bo ìkòkò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ èwo ni omi kọ́kọ́ kán lára rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ láìlo ọ̀rọ̀ ooru fún nǹkan méjì.