Báìkì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin: Níbo La Ti Lè Gùn Ún, Níbo Ni Èèwọ̀?

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ló gbẹnu àwa SS2. Wọ́n ní kí kálukú dá owó, ká háyà quad bike kan lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí. Ẹni tó ni ín á gbé e wá sí Okokomaiko, àwa á sì máa gùn ún ní méjì méjì létí ọ̀nà márosẹ̀ Badagry. Àwọn kan ti dá tiwọn. Èmi ní kí n kọ́kọ́ wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI QUAD BIKE?

Òun ni báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí táyà rẹ̀ sanra, tí ẹ máa ń rí létí òkun nínú fídíò àwọn olórin. Orúkọ rẹ̀ mìíràn ni ATV. Ní 1970, ilé-iṣẹ́ Honda gbé irú rẹ̀ kan jáde tó lókìkí gan-an, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ìyẹn ní. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí ń dojú dé, ó ń ṣe àwọn ọmọdé léṣe, títí tí àwọn tó ń ṣe é fi bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ní 1988 pé àwọn ò ní tà á mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló gbòde báyìí.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ FẸ́ TÍTÌ?

Ẹ wo mọ́tò tó bá ń yí kọ́nà ní Ìyànà Iba. Táyà tó wà lápá ìta kọ́nà ń rìn jìnnà ju ti apá inú lọ. Nínú mọ́tò, ẹ̀rọ kan wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tó ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yára ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ quad bike ò ní nǹkan yẹn. Irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀: bí ọ̀kan ṣe ń yí ni èkejì ń yí.

Lórí iyanrìn, kò sí wàhálà, torí táyà kan á yọ̀ díẹ̀, báìkì á sì yí. Lórí ọ̀dà, táyà á di ilẹ̀ mú gírígírí, báìkì á fẹ́ máa lọ tààrà. Ẹni tó ń gùn ún á wá fi agbára já ọwọ́ báìkì, ibẹ̀ ló sì ti lè dà á nù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ńlá wúwo ju 200 kg lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin nìyẹn, lórí àyà èèyàn.

Ti méjì méjì ńkọ́? Ìjókòó rẹ̀ gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò gùn torí èrò ẹ̀yìn. Ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ máa sún: síwájú tó bá ń gòkè, sẹ́yìn tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, sí apá inú kọ́nà tó bá ń yí. Tí ẹnìkan bá ti dì mọ́ ẹ lẹ́yìn, ibo lo fẹ́ sún sí?

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnì tó sì wọ títì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ẹni ọdún 18 ni wọ́n ń fún ní láísẹ́ǹsì. Èmi ṣì jẹ́ 16, àwọn mìíràn ní kíláàsì wa ò tíì tó bẹ́ẹ̀. Kódà, àkọlé ara báìkì ńlá fúnra rẹ̀ sábà máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá tíì pé 16 ò gbọdọ̀ gùn ún.

Àwọn kan ń sọ pé, "Ṣebí ọ̀kadà ń ṣiṣẹ́ ní Ojo?" Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Ní June 1, 2022, ìjọba tún lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Apapa, Lagos Island àti Lagos Mainland. Ní September 1 ọdún náà, wọ́n fi Kosofe, Ṣómólú, Múṣin àti Oshodi-Isolo kún un. Wọ́n kéde pé àtọlọ́kadà àtèrò ẹ̀yìn lè fẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura. Ojo ò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú àdúgbò nìyẹn. Ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe inú àdúgbò.

AKOTO ŃKỌ́?

Ní January 2009, FRSC ní dandan ni kí gbogbo ọlọ́kadà dé akoto. Àwọn kan gé igbá dé, àwọn kan dé ike ọ̀dà, kí wọ́n ṣáà lè rí nǹkan lórí wọn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo bi àwọn tó ń gba owó wa pé akoto mélòó ló máa bá báìkì wá. Wọ́n ní kò sí. Ọlọ́gbá wá sàn jù wá lọ nìyẹn!

NÍBO LA WÁ FẸ́ GÙN ÚN?

Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ wà, bíi Lekki Leisure Lake àti Omu Resort, lápá Lẹ́kí. Láti ọ̀dọ̀ wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odidi Èkó la máa là kọjá. Iyanrìn etí òkun wà ní Badagry tó sún mọ́ wa, àmọ́ ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra.

Nítòsí wa ńkọ́? Ọjà Àlàbá, kọ̀ǹténà ló kún ibẹ̀. Pápá bárékè, ti àwọn sójà ni. Pápá LASU, ti àwọn ará LASU ni. Kì í ṣe pé àwọn bọ́ìsì wa ya olórí kunkun tí wọ́n fi ń wo títì. Ibi ìṣeré ló wọ́n wa. Ìjọba ìbílẹ̀ yẹ kó ronú sí i.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹni tó ti dá owó, kó lọ gbà á padà lónìí. Ká kó o fún tíṣà kíláàsì wa, kí wọ́n bá wa háyà bọ́ọ̀sì, kí òbí kálukú fọwọ́ sí ìwé. Tá a bá débẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gun báìkì: Akoto dà? Ta ló máa kọ́ wa? Ṣé ẹnìkan ṣoṣo ló ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan? Tí ìdáhùn ọ̀kan bá ti mẹ́hẹ, ẹ jókòó ti kókónẹ́ẹ̀tì yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.