Bí Nọ́ọ̀sì Tuntun Ṣe Lè Mú Àtúnṣe Wọ Wọ́ọ̀dù Àwọn Àgbà

Ní ọdún 2023 ni àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. E-MOTIVE ni wọ́n pè é. Ilé-ìwòsàn 80 ló kópa ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, àwọn ìyá tó bímọ níbẹ̀ lásìkò náà sì lé ní 200,000. Ní àwọn ilé-ìwòsàn tó lo ètò tí wọ́n ń dán wò, iye àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà tó lítà kan, tàbí tí wọ́n ní láti la ikùn wọn nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà pa, fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ilé-ìwòsàn yòókù.

Kò sí oògùn tuntun kankan nínú ètò náà. Kí a fọwọ́ ra ilé-ọmọ títí yóò fi le, kí a fún ìyá ní oxytocin àti tranexamic acid, kí a fa dírípù sí i, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ara ya tàbí ibi ọmọ ṣẹ́kù, kí a ké sí dókítà: kò sí agbẹ̀bí tí kò gbọ́ nípa ìwọ̀nyí rí. Ohun tó yí padà ni pé wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí wọ́n ṣe ọ̀kan, kí wọ́n dúró wò ó, kí wọ́n tó ṣe èkejì. Wọ́n sì ń wọn ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá ní kété tí ọmọ bá ti jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí àpò, wọ́n sì fa ìlà sí àpò náà lára, tó ń sọ iye mílílítà tó ti dà sínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lò ó, wọ́n tètè rí ìyá 93 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 51 péré ni.

Mo ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó fi nǹkan kan hàn tí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé kì í fẹ́ gbọ́. Oògùn wà, ìmọ̀ wà, àwọn ìyá sì ń kú. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ni àtúnṣe ti ní láti wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tuntun kò tíì ní àṣẹ kankan.

Ká sọ pé agbẹ̀bí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá. Ó ti lo ọ̀rá ìgbẹ̀jẹ̀ níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó wá rí i pé orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti páàdì ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí ní wọ́ọ̀dù yìí, mátírọ̀nì á wò ó, á ní, "Kọ 200 sílẹ̀." Ó dábàá ọ̀rá. Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí ẹ la ti ń gbẹ̀bí níbí." Ẹlòmíì á tún fi òwe kún un, pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìgbéraga wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí náà wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àgbà ló wọṣẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí kò sí ẹni tó ń béèrè dìgírì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí àwọn ọmọ yunifásítì sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí bíi pé àná ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìdí tó lágbára ju ìyẹn lọ wà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n kò lè yí ohunkóhun padà.

Àwọn àgbà ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tuntun tó wọlé tó sì jáde. Àjọ kan á mú fọ́ọ̀mù tàbí ẹ̀rọ wá, wọ́n á kọ́ wọn fún ọjọ́ méjì, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tí owó bá tán, fọ́ọ̀mù ló máa ń ṣẹ́kù. Ọwọ́ kò sì tó. Láti ìgbà tí jápa ti gbé àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà, nọ́ọ̀sì méjì lè wà lórí iṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú ìyá márùn-ún tó ń rọbí, ohunkóhun tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá kan ti gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ òmíràn.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lójú tèmi ni ti ìwé. Bí ìyá kan bá kú, mátírọ̀nì tó wà lórí iṣẹ́ ni wọ́n á pè sí ọ́fíìsì, òun ni wọ́n á fún ní kúẹ́rì. Bí ọ̀rá bá ti wà, tí ẹnìkan sì ti kọ 650 sílẹ̀ ní aago méjì òru, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀, tí tranexamic acid ti tán, tí dókítà kò sì tíì dé títí di aago mẹ́ta, nọ́ńbà yẹn á di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Fífojúwọ̀n máa ń dáàbò bo òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa sọ èyí jáde nínú ìpàdé, ṣùgbọ́n òun ló wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Bí wọ́n bá kọ́ wọ́ọ̀dù náà lẹ́kọ̀ọ́ nígbà ogún láìfọwọ́ kan ẹ̀rù yìí, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n á ṣì wà.

Nítorí náà, ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú àbá. Kí nọ́ọ̀sì tuntun ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kí ó ṣe é dáadáa, kí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ìwé tó péye àti àsìkò tí kì í yẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀ lóru, kí ó béèrè: "Mà, tí iná bá lọ, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń pọ̀ jù?" Ohun tí mátírọ̀nì máa sọ kò sí nínú ọ̀rá kankan. Á ní òun máa ń di ọwọ́ ìyá mú láti mọ̀ bóyá ó ti ń tutù. Á ní òun máa ń wo bí ìyá ṣe ń yí orí, bí kò ṣe dá ọmọ lóhùn mọ́. Á ní òun máa ń wo inú ìpéǹpéjú. Àkísà tí wọ́n fi òwe sọ nìyẹn, òun gan-an sì ni nọ́ọ̀sì tuntun nílò. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹgbẹ́ dókítà àti agbẹ̀bí lágbàáyé gbé ìlànà tuntun jáde pé kí a má dúró de 500 mílílítà mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 300, tí ìlù ọkàn tàbí ìfúnpá ìyá sì ti yí padà, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ìlà ọ̀rá àti àmì ara ni wọ́n so pọ̀ yẹn. Nígbà tí mátírọ̀nì bá gbọ́ pé ohun tó ti ń wò láti ọjọ́ yìí wà nínú ìlànà tuntun náà, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ayé ti kọjá tirẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, nítorí pé kì í dójú ti ẹnikẹ́ni. Kí nọ́ọ̀sì tuntun gba àṣẹ lọ́wọ́ mátírọ̀nì, kí ó se zobo, kí ó wọn ọ́n sínú ife oníwọ̀n. Kí ó da 250 mílílítà sórí páàdì, kí ó da 500 sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí ó da 800 sílẹ̀ lórí táìsì àti sára aṣọ ìnulẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó wà lórí iṣẹ́, dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, kọ iye tí wọ́n rò pé ó jẹ́ sórí ìwé pélébé láìkọ orúkọ. Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ iye tó jẹ́ gan-an. Àwọn ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ojú ènìyàn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá bó bá ti pọ̀, àti pé ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì tuntun náà á ṣìnà, ọ̀gá dókítà á ṣìnà. Ohun tí gbogbo wọ́ọ̀dù bá jọ ṣì, kò sí ẹni tó máa fi í bú ẹnìkejì, ìbéèrè tó kù sì máa ń ti ẹnu àwọn àgbà fúnra wọn jáde: kí la máa wá fi wọ̀n ọ́n?

Láti ibẹ̀, kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan. Kì í ṣe gbogbo wọ́ọ̀dù, kì í sì í ṣe oṣù mẹ́fà. Ọ̀rá kan fún ìyá kan, pẹ̀lú àgbà kan tó gbà láti dán an wò, kí wọ́n jọ sọ ohun tó ṣòro níbẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe kí ìkejì tó dé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá náà ń yọ̀ sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lè jẹ́ pé omi inú ilé-ọmọ ni wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ dà sí i tí nọ́ńbà fi ga. Irú nǹkan báyìí ni ìwé kì í sọ.

Àgbà wo ni kó bá lọ? Kì í ṣe ẹni tó pariwo jù, kò sì gbọdọ̀ fo mátírọ̀nì kọjá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè gba lẹ́tà àṣẹ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìyá ní aago mẹ́ta òru. Kí ó wá àgbà tí àwọn yòókù ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, tí ikú ìyá kan ṣì ń dùn lọ́kàn. Ó máa ń wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Nínú E-MOTIVE pàápàá, inú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti yan àwọn agbẹ̀bí àti dókítà tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Bí àgbà yìí bá ń sọ ọ́ kiri bíi pé tirẹ̀ ni, kí nọ́ọ̀sì tuntun jẹ́ kó máa sọ ọ́. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dunni. Kí ó kọ ipa tó kó sílẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́, níbi tó ti wúlò, kí ó má ṣe jà fún un níwájú wọ́ọ̀dù.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ba àtúnṣe jẹ́ rí. Ní Vienna lọ́dún 1847, dókítà Ignaz Semmelweis, tó jẹ́ igbákejì lásán lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ní kí àwọn dókítà máa fi omi kúlórínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláboyún. Ikú àwọn ìyá já wálẹ̀ gidigidi. Nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tètè kọ ọ́ sínú ìwé kí àwọn yòókù rí i, ọdún 1861 ni ìwé rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n ṣàtakò, ó kọ lẹ́tà sí gbangba tó fi pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní apànìyàn. Ó kú lọ́dún 1865 láì tíì rí kí wọ́n gba tirẹ̀.

Nọ́ńbà wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló máa ń yí àwọn àgbà lọ́kàn padà ju ti òkè òkun lọ. Bébà kan lára ògiri tó: ìyá mélòó ló bí, mélòó ni wọ́n tẹ́ ọ̀rá fún, mélòó ló dé 300, ìṣẹ́jú mélòó ló kọjá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ nọ́ọ̀sì kankan má sí níbẹ̀. Kí wọ́n sì ti bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwòsàn ṣàdéhùn kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, pé bébà yìí kò ní di kúẹ́rì. Mátírọ̀nì ló yẹ kó béèrè àdéhùn yẹn, nítorí ọrùn tirẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí bébà náà bá fi hàn pé ìtọ́jú pẹ́ nítorí pé oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì, àwọn àgbà ti rí ohun tí wọ́n lè gbé lọ bá ilé-ìwòsàn nìyẹn.

Owó ń kọ́? Ìdílé ló máa ń ra ọ̀pọ̀ nǹkan inú báàgì ìbímọ, fífi ọ̀rá kún ohun tí wọ́n ń rà lè ni wọ́n lára. Níbi tí ọ̀rá kò bá tíì sí, òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun lè ṣe é: kí wọ́n wọn páàdì tó gbẹ, kí wọ́n wọn èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yọ ti àkọ́kọ́ kúrò. Gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà kan. Kò yá tó ọ̀rá, ṣùgbọ́n ó sàn ju ojú lọ.

Sùúrù tí mo ń sọ yìí ní ibi tó ti ń parí. Bí ìyá bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilé-ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa sọ nọ́ńbà: "Mà, ẹ̀jẹ̀ ti pé 300. Ìlù ọkàn rẹ̀ ti wọ 120. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oxytocin àti tranexamic acid báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe dókítà." "Mà" àti "ẹ jọ̀ọ́" wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí "ó dà bíi pé," kò sí "bóyá." Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ó tún un sọ kíkankíkan. Bí kò bá ṣì sí, kí ó pe dókítà fúnra rẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì lọ́la bó bá pọn dandan.

Nílé-ìwòsàn ìjọba, wọ́n lè gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn nígbàkigbà, nítorí náà kí lẹ́tà ìyẹn tó dé ni kí ètò náà ti ní ilé. Àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, ọ̀rá, oògùn, dírípù àti ìbọ̀wọ́ nínú rẹ̀, ìwé lórí ìdérí tó ń sọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Kí kíka àpótí náà wọ inú ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ alẹ́ bá ń gbéṣẹ́ lé iṣẹ́ àárọ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń ka oògùn tí wọ́n ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kí mátírọ̀nì máa fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn. Àti pé kí ẹnìkan, tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, máa béèrè ọ̀rá lọ́wọ́ ilé oògùn nígbà tó bá ku mẹ́wàá, kì í ṣe nígbà tó bá tán.