Ọjà Ríná àti Àgọ́ Pípa Lójú Ọ̀nà Sàhárà

Láàárín nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù a máa fi ọkọ̀ akẹ́rù kó èrò bí ogún la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, láti Àlgéríà dé Nìjẹ̀r àti Kánò, kí wọ́n tó yà sí ìlà-oòrùn lọ sí Kẹ́ńyà. Kò sí alásè nínú ọkọ̀ náà. Àwọn èrò fúnra wọn ni wọ́n ń dá owó oúnjẹ jọ, tí wọ́n ń pín ara wọn sí ọ̀wọ́, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ná ọjà, tí ó sì ń dáná ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí wọ́n gbé inú ọgbà ilé-ìwé yóò mọ irú ètò bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì mọ bí ìjà ṣe ń ti inú rẹ̀ wá.

Ní apá àríwá, ọjà kò le. Búrẹ́dì gígùn tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ wà káàkiri, dàbínù àti ọsàn sì pọ̀ lórí àtẹ ní Ghardaïa. Omi ni ó yẹ kí a fọkàn sí. Omi El Goléa dùn. Ti In Salah, tí ó wà níwájú, níyọ̀ lẹ́nu. Nítorí náà ẹni tí ó mọ ọ̀nà a ti pọn tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kí ó tó débẹ̀.

Tamanrasset ni ọjà gbé di ìṣirò. Láti ibẹ̀ dé Arlit ní Nìjẹ̀r jẹ́ nǹkan bí 600 kìlómítà, ìlú kan tí ó nílárí kò sì sí láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀dà nílẹ̀ nígbà náà. Bí ọkọ̀ kò bá rì, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa rì, gbogbo èrò a sì bọ́ sílẹ̀ láti fi ṣọ́bìrì wa iyanrìn kúrò lábẹ́ táyà, kí wọ́n tó tẹ́ irin pẹlẹbẹ sí i. Olórí ìrìn tí ó gbọ́n a ra oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ. Bí ènìyàn kan bá ń lo omi lítà 5 lóòjọ́, ogún ènìyàn yóò lo 100. Ọjọ́ mẹ́jọ yóò gba 800, ìyẹn ogójì kẹ́ẹ̀gì onílítà 20, láì tíì ka ti ẹ̀rọ ọkọ̀ mọ́ ọn.

Àlùbọ́sà, pòtétò, káróòtì àti kábéèjì ni ẹ̀fọ́ ìrìn-àjò. Tòmáàtì tí ó ti pọ́n kò lè fara da jìgìjìgì ọkọ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹni tí owó pọ́ọ́kú rẹ̀ bá tàn jẹ yóò fi omi rẹ̀ rin àpò ìrẹsì. Ẹran ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni à ń rà. Búrẹ́dì a gan bí pákó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, nítorí náà ìyẹ̀fun ni kí a gbé. Àwọn Tuareg ní tiwọn a máa po ìyẹ̀fun, wọn a rì í mọ́ inú iyanrìn gbígbóná lábẹ́ ẹ̀yinná, wọn a gbọn iyanrìn rẹ̀ nù, wọn a sì rún un sínú ọbẹ̀. Lójú tèmi, kò sí búrẹ́dì tí ó bá ibẹ̀ mu jù ú lọ.

Ìṣirò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, a rí òkú ènìyàn 92 ní àríwá Arlit, lójú ọ̀nà kan náà yìí. Obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àlgéríà ni wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́, omi sì tán. Ẹ̀yin òbí tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ ìròyìn ọ̀nà Agadez sí Líbíà lẹ́nu àwọn tí ń ṣètò ìrìn náà, ẹ ní kí wọ́n béèrè iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ọkọ̀ ń gbé, àti ẹni tí ó kà á.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, a kì í pàgọ́ sí ipa odò gbígbẹ, bí ó ti wù kí ó tẹ́jú tó. Òjò lè rọ̀ sórí òkè tí ó jìnnà, kí àgbàrá rẹ̀ sì ká ènìyàn mọ́ orí oorun. Àgbàrá ni ó pa òǹkọ̀wé nì, Isabelle Eberhardt, ní Aïn Sefra ní etí aṣálẹ̀ Àlgéríà ní ọdún 1904. Ọkọ̀ ni a fi ń dí afẹ́fẹ́; iyanrìn ni a fi ń fọ abọ́. Igi ìdáná ti gbọ́dọ̀ wà lórí ọkọ̀, nítorí a lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìrí igi kan. Ní àkókò ọyẹ́, òtútù òru lè sọ omi di yìnyín ní ilẹ̀ gíga àyíká Tamanrasset. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a gbọn bàtà kí a tó wọ̀ ọ́: àkekèé fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní Agadez, níbi tí ilé-ìṣọ́ alámọ̀ mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ti ga tó mítà 27, ọjà tún ń kún. Àlùbọ́sà àti tòmáàtì ti inú ọgbà Aïr wà níbẹ̀, kílíṣí wà, iyọ̀ Bilma tí ràkúnmí ń rù wá sì wà. Hausa ni a fi ń ná an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ogun abẹ́lé Àlgéríà àti ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg ní Nìjẹ̀r dí ọ̀nà náà, àwọn ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù sì yà gba etí òkun Mòrókò àti Mauritania.