Èrò Wà Létí Òkun, Ọrọ̀ Wà Nínú Lọ́hùn-ún: Bí Ilẹ̀ Bràsíl Ṣe Rí

Bí a bá to Nàìjíríà mẹ́sàn-án pọ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó lè kún ilẹ̀ Bràsíl. Ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 8.5 kìlómítà níbùú lóròó, débi pé nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Chile àti Ecuador nìkan ni kò bá a pààlà. Síbẹ̀, ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé bíi mílíọ̀nù 203 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, iye tí kò tó ti Nàìjíríà. Ilẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ìlú São Paulo kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí èèyàn tó ju mílíọ̀nù 11 ló fún mọ́ra níbẹ̀. Ìbéèrè tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Bràsíl yé èèyàn nìyí: kí ló dé tí èrò fi rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkun, nígbà tó jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fáyé ti ń wá?

Ìrísí ilẹ̀ ló dáhùn apá kan. Lápá gúúsù ìlà-oòrùn, òkè Serra do Mar dìde gbọnrangandan lẹ́yìn etí òkun bí ògiri. São Paulo wà lókè, ó fi bíi 750 mítà ga ju òkun lọ. Santos tó jẹ́ èbúté rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Odò Tietê ṣẹ̀ níbi tí kò jìnnà ju bíi 20 kìlómítà sí òkun, ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sínú, ńṣe ló kọ̀yìn sí òkun. Ó gba àárín São Paulo kọjá, ó ṣàn ju 1,000 kìlómítà lọ kó tó wọ odò Paraná, Argentina lọ́hùn-ún ni omi náà sì ti padà bọ́ sókun. Odò tí ì bá gbé ẹrù lọ sí èbúté ń gbé e lọ sódìkejì. Ẹ̀yìn ìbáaka ni wọ́n ń di kọfí lé sọ̀ kalẹ̀ títí di ọdún 1867, nígbà tí reluwé tí wọ́n ń fi okùn wáyà fà lórí òkè náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìtàn ló dáhùn apá kejì. Oko ìrèké etí òkun ni àwọn Potogí kọ́kọ́ gbára lé, orí ẹrú ni wọ́n sì fi ṣe é. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó gúnlẹ̀ sí Bràsíl fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún, ọdún 1888 ni wọ́n sì tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú wọn, pàápàá ní Salvador ti ìpínlẹ̀ Bahia. Àwọn kan padà wálé, àwọn là ń pè ní Àgùdà ní Èkó àti Àjàṣẹ́. Àwọn tó kù ò tíì gbàgbé ilé: títí dòní, àwọn obìnrin tó wọṣọ funfun ń din àkàrà nínú epo pupa lójú títì Salvador, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi edé sí i. Nínú ìkànìyàn 2022, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pe ara wọn ní aláwọ̀ dúdú, ìdá 45 ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pò pọ̀.

Kí èrò lè wọnú ilẹ̀ lọ ni Ààrẹ Juscelino Kubitschek ṣe kọ́ Brasília, tí wọ́n sì gbé olú-ìlú kúrò ní Rio de Janeiro lọ síbẹ̀ ní 1960. Lójú tèmi, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wá ṣí inú ilẹ̀ náà ju olú-ìlú lọ.

Ilẹ̀ ọ̀dàn tó yí Brasília ká, tí wọ́n ń pè ní Cerrado, fẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí tẹ́lẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ pupa, ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1973, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí Embrapa sílẹ̀. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ lọ òkúta ẹfun kúnná, kó fọ́n ọn sílẹ̀ títí ásíìdì náà yóò fi rọ̀, kó sì fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ̀wà sóyà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ wàhálà: ibi tí ojúmọmọ ti ń gùn ló ti wá, bí wọ́n bá sì gbìn ín síbi tí ojúmọmọ kò gùn tó bẹ́ẹ̀, kíá ló máa ń tanná kó tó dàgbà, èso rẹ̀ kì í sì í tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ wá mú irú kan pọ̀ mọ́ òmíràn títí wọ́n fi rí èyí tó ń fara balẹ̀ dàgbà. Onímọ̀ kan, Johanna Döbereiner, sì fi hàn pé bakitéríà inú gbòǹgbò lè fa náítírójìn nínú afẹ́fẹ́ fún un, tí àgbẹ̀ kò fi ní rà á. Lóṣù Kìíní, ní ìpínlẹ̀ Mato Grosso, ẹ̀rọ tó ń kórè sóyà á máa lọ níwájú, èyí tó ń gbin àgbàdo á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kí òjò tó dá. Lọ́dún 2023, Bràsíl kórè sóyà tó ju mílíọ̀nù 150 tọ́ọ̀nù lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tó tó o. China ló ń ra èyí tó pọ̀ jù.

Láti Sorriso ní Mato Grosso dé èbúté Santos tó bíi 2,000 kìlómítà, tírélà ló sì ń gbé púpọ̀ nínú sóyà náà. Owó ọkọ̀ ń jẹ àgbẹ̀ lérè gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń gba ọ̀nà àríwá lọ sí ẹ̀bá àwọn odò Amazon.

Bràsíl tún ní òkúta irin ní Carajás, ó ní epo rọ̀bì lábẹ́ òkun, ilé-iṣẹ́ Embraer sì ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ń lo pẹtiróòlù tàbí ọtí ìrèké. Èyí tówó rẹ̀ bá wálẹ̀ ni awakọ̀ ń rà.

Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀, òjò ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀, igbó Amazon ló sì ń pèsè púpọ̀ nínú òjò náà. Atẹ́gùn ń gbé ọ̀rinrin wọlé láti òkun Atlantic, ó ń rọ̀ sínú igbó. Gbòǹgbò igi ń fà á mu, ewé ń tú u padà sáfẹ́fẹ́. Atẹ́gùn á tún gbé e lọ síwọ̀-oòrùn títí yóò fi kan òkè Andes, á wá darí sí gúúsù, síhà Mato Grosso àti São Paulo. Bí ìdá kan nínú márùn-ún igbó náà ni wọ́n ti gé, wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe pápá màlúù. Àgbẹ̀ tó ń gbin nǹkan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nílò òjò tó pẹ́. Bí wọ́n bá ń gé igbó yẹn lọ, àgbàdo tí wọ́n ń gbìn tẹ̀ lé sóyà ni ọ̀dá yóò kọ́kọ́ mú.