Ọrùn Ọwọ́ Katapílà: Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Bá So Mọ́ Ọn Ló Ń Pinnu Ohun Tó Máa Ṣẹ́kù Sílẹ̀

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ dáadáa tí iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ fún awakọ̀ katapílà ní igbó àríwá Sweden. Yóò jókòó sínú yàrá onígíláàsì rẹ̀, yóò fi irin ìgbámú tó rí bí èékánná àṣá kó àwọn ẹ̀ka igi tó dí ojú ọ̀nà jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá parí, á gbé irin náà kalẹ̀ sórí koríko, á tẹ bọ́tìnnì, á sì yọ apá ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀. Á yí sọ́tùn-ún, á na apá sí bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, á kọ́ ọ, á tì í pa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ gọ́tà. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́ yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Òòlù ńlá ni wọ́n fi ń lu ọ̀pá irin méjì tó di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú títí yóò fi jáde. Ẹnì kan á máa fi ẹ̀rọ gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíràn á máa ti bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ihò lè ṣe déédéé, ìka ọwọ́ á sì wà láàárín irin àti irin. Bí ọ̀pá náà bá ti dógùn-ún, ọ̀sán lè pọ́n kí wọ́n tó ṣe tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fi í pààrọ̀ nǹkan kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń wó igi, tí wọ́n fi ń tẹ́ yẹ̀pẹ̀, yálà ó yẹ fún iṣẹ́ náà tàbí kò yẹ.

Lẹ́nu àwa Yorùbá, èyí tó ń ti yẹ̀pẹ̀ síwájú àti èyí tó ń fi apá gbẹ́lẹ̀, katapílà ni gbogbo wọn. Orúkọ iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Caterpillar, ló di orúkọ ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1904, Benjamin Holt dán katakata tó ń fi ẹ̀wọ̀n wọ́lẹ̀ dípò táyà wò nítòsí Stockton ní California, wọ́n sì fi orúkọ kòkòrò tó ń wọ́ lórí ewé pè é. Ọdún 1925 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ àti ti Best tó ń bá a díje para pọ̀ di ọ̀kan. Èyí tó ní apá tó ń gbẹ́lẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Ẹ̀rọ alápá yẹn ti dàgbà ju Caterpillar lọ. William Otis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ní 1839. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, okùn irin àti ẹ̀wọ̀n ló ń fa apá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà: Poclain ní ilẹ̀ Faransé gbé ẹ̀rọ TU jáde ní 1951, Demag ní Jámánì sì gbé B504, tó lè yí po bí òbírí, jáde ní 1954. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì pẹ̀lú agbára ńlá ló ń gbé apá àwọn yìí. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, torí pé ọ́ìlì tó lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá so mọ́ ẹnu apá. Nígbà tí Krupp ní Jámánì gbé hámà tó ń fi ọ́ìlì fọ́ òkúta jáde ní 1967, katapílà ti kúrò ní ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ nìkan.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Katapílà ní ẹ̀jìká, ó ní ìgbúnwọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju kó ká wọlé kó sì nà jáde. Kò lè dẹ ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì lè yí i po. Bí gọ́tà bá wọ́ sọ́tùn-ún, gbogbo ẹ̀rọ ogún tọ́ọ̀nù ló gbọ́dọ̀ dìde kúrò lójú kan kó lọ tún ara rẹ̀ tò.

Sweden ni wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i, kò sì yani lẹ́nu pé igbó ni ọgbọ́n náà ti jáde. Ní Vindeln, ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ náà, iléeṣẹ́ Indexator ti ń ṣe irin tó ń yí fún àwọn kéréènì tó ń kó igi gẹdú sórí ọkọ̀. Awakọ̀ kéréènì igbó ti mọ adùn kí èékánná irin máa yí bó ṣe wù ú kó tó gbá igi mú. Láàárín àwọn ọdún 1980, irú ìyípo yẹn wọ ẹnu apá katapílà, wọ́n sì fi ìdẹsẹ́gbẹ̀ẹ́ kún un. Rototilt tó jáde láti Vindeln wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀. Ní 1990, Stig Engström dá engcon sílẹ̀ ní Strömsund, ìlú mìíràn tí igbó yí ká. Steelwrist tẹ̀ lé e ní 2005. Tiltrotator ni wọ́n ń pe irin náà káàkiri ayé; ọrùn ọwọ́ la ó máa pè é níbí. Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ katapílà tuntun tí wọ́n ń tà ní Sweden ló ń gbé e lọ́wọ́. Awakọ̀ ibẹ̀ tó bá wa ọkọ̀ tí kò ní i yóò máa ṣe bí ẹni tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ irin náà wò. Òkè rẹ̀ kọ́ apá katapílà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kọ́ irinṣẹ́. Láàárín wọn ni gíà kan wà tó rí bí ìdè tó ń yí lára àgbá eléyín. Òun ló ń yí irinṣẹ́ po láìdúró, nígbà tí apá rẹ̀ mìíràn ń dẹ ẹ́ tó dígírì 45 sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà kọjá lọ sínú irinṣẹ́, kí họ́ọ̀sì má baà lọ́ mọ́ra wọn bí ó ti wù kó yí tó. Abẹ́ àtàǹpàkò awakọ̀ ni àṣẹ gbogbo rẹ̀ wà, lórí bọ́tìnnì róbótó méjì tó ń yí lórí ọ̀pá ìdarí. Ẹ̀rọ á dúró lójú kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì gbẹ́ abẹ́ páìpù, á há ẹ̀gbẹ́ òkè, á wá kẹ̀yìn padà tẹ́ yẹ̀pẹ̀ tó gbẹ́ jáde. Nínú igbó, àǹfààní rẹ̀ ju ìrọ̀rùn lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀wọ̀n irin bá yí lórí ilẹ̀ rírọ̀ ló ń ya gbòǹgbò tó sì ń tẹ ilẹ̀ pa. Ẹ̀rọ tó dúró lójú kan ń dá ilẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè fi igbó ṣeré ní Sweden. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ wọn ni igbó bò, òfin tí wọ́n sì ti ṣe láti 1903 ni pé ẹni tó bá gé igi gbọ́dọ̀ rí i pé òmíràn hù rọ́pò. Katapílà wà lára ẹ̀rọ tó ń bá wọn tún ilẹ̀ ṣe fún ìgbìn náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á bu ilẹ̀ díẹ̀, á dojú rẹ̀ dé, á fi ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ di òkìtì kékeré, orí òkìtì náà ni wọ́n ń gbin ọ̀gbìn sí. Ibẹ̀ móoru ju ilẹ̀ yòókù lọ, omi kì í dúró níbẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ èèpo ọ̀gbìn páìnì kì í sì í fẹ́ gba orí yẹ̀pẹ̀ ìhòòhò kọjá. Bracke Forest, iléeṣẹ́ kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, tilẹ̀ ṣe irinṣẹ́ kan tó ń ṣe méjèèjì pọ̀: yóò mọ òkìtì, yóò sì ki ọ̀gbìn bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́nu apá katapílà.

Irinṣẹ́ mìíràn pọ̀ lọ jàra. Ìlù onírin kan wà tí eyín yí lára rẹ̀ ká, tó ń yí bíríbírí tó sì ń run igbó ṣúúrú di ẹ̀rúnrún tí yóò bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ayùn wà tó ń gbá igi mú kó tó gé e, kí igi má baà ṣubú síbi tí kò yẹ. Irin bí ehín wà tó ń la kùkùté sí wẹ́wẹ́. Súkúrúù ńlá wà tó ń lu ihò òpó, pátákó irin wà tó ń gbọ̀n tó sì ń ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ tí kò ní eyín sì wà fún kíkó ẹrẹ̀ inú gọ́tà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló bá gbogbo katapílà mu. Ìlù tó ń run igbó lè gba ọ́ìlì tó ju 100 lítà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí pọ́ǹpù ẹ̀rọ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìlù á máa fà, ọ́ìlì á gbóná, ẹ́ńjìnnì á sì máa kérora. Ìwọ̀n irinṣẹ́ náà tún ń bẹ. Ọrùn ọwọ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ ogún tọ́ọ̀nù lè tó ìdajì tọ́ọ̀nù, ìwọ̀n yẹn sì ń yọ nínú ohun tí apá lè gbé. Hámà ńlá kì í bá a ṣọ̀rẹ́ rárá, nítorí pé lílù rẹ̀ ń ba eyín gíà jẹ́; awakọ̀ tó mọṣẹ́ á tú ọrùn ọwọ́ náà sílẹ̀ kó tó so hámà. Katapílà tó ń wọ inú igbó sì gbọ́dọ̀ ní irin ààbò lórí àti níwájú yàrá awakọ̀, kí ẹ̀ka tó bá já má baà wọlé tọ̀ ọ́.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ibi ìkọ́, níbi tí irinṣẹ́ àti apá ti pàdé. Ọ̀pá irin méjì ló wà lórí irinṣẹ́. Ẹnu ìkọ́ á gbé ọ̀kan mì, apá á ká wọlé, irin ìtìpa á sì yọ jáde láti di èkejì mú. Ní Sweden, orúkọ ìkọ́ ló ń sọ ìwọ̀n ọ̀pá náà: mìlímítà 45 ni ọ̀pá S45, mìlímítà 60 ni ti S60. Bí irin ìtìpa kò bá wọlé dáadáa, bọ́kẹ́ẹ̀tì á dà bí èyí tó dúró, títí awakọ̀ yóò fi gbé e sókè lórí ẹni tó wà nílẹ̀. Ní Britain, bọ́kẹ́ẹ̀tì já lu àwọn òṣìṣẹ́ pa, lára irú ìkọ́ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá fi ọwọ́ ki irin ààbò bọ̀. Àwọn kan gbàgbé. Àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ kìlọ̀ léraléra, ní 2016 sì ni ìlànà àgbáyé ISO 13031 jáde lórí bí ìkọ́ ṣe gbọ́dọ̀ di irinṣẹ́ mú. Kò sí ìlànà tó gba ipò ohun tí awakọ̀ gidi máa ń ṣe: á tẹ irinṣẹ́ mọ́lẹ̀, á fà á sẹ́yìn, á wò ó dáadáa, kó tó gbé e kúrò nílẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó inú yìnyín nìkan nìyí. Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti rí ẹ̀rí pé ohun tó wà níwájú ẹ̀rọ ló ń pinnu ọjọ́ iwájú ilẹ̀. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1967, onímọ̀ nípa ilẹ̀ Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1970 sí 1987, fi onírúurú ọ̀nà ìṣánlẹ̀ wé ara wọn. Wọ́n fi àdá ṣán apá kan. Wọ́n lo katakata ẹlẹ́wọ̀n tó ní abẹ tó ń gé igi ní ìpele ilẹ̀ tó sì ń fi gbòǹgbò sílẹ̀ ní apá kejì. Wọ́n lo èyí tó ń ti igi ṣubú tó sì ń fi irin bí ìyarun hú gbòǹgbò ní apá kẹta. Nígbà tí òjò dé, ibi tí wọ́n fi àdá ṣán pàdánù ilẹ̀ díẹ̀ jù lọ, abẹ tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n ti hú gbòǹgbò ni àgbàrá sì ti gbé ilẹ̀ lọ jù lọ. Irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò ní apá kejì àti apá kẹta. Irin iwájú ló yàtọ̀. Ní 2020, Lal gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé, iṣẹ́ ìdáàbòbò ilẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí.

Ní Èkó, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti hámà ni a máa ń rí jù lẹ́nu katapílà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń fi swamp buggy, katapílà tó jókòó sórí àgbá irin tó ń léfòó, kó ìdọ̀tí inú kánáàlì ńlá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ fún ẹrẹ̀. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, katapílà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣí àwókù kọnkéré láti wá èèyàn. Níbi tí ẹ̀mí bá ti wà lábẹ́ kọnkéré, irin tó lè gbá nǹkan mú kó sì gbé e jẹ́ẹ́ sàn ju eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń walẹ̀ lọ fíìfíì.

Ọ̀dọ̀ awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wá já sí. Ní Sweden, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́lé tó ní ẹ̀ka fún ẹ̀rọ ńlá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ló kọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀gá, láti ibi fífọ ẹ̀rọ àti fífi gíríìsì sí i. Ojú àti etí wọn mú. Bí họ́ọ̀sì bá ń súfèé, wọ́n á ti mọ̀ kó tó bẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ni irinṣẹ́, nítorí ẹni tó ń yá ẹ̀rọ kì í béèrè ju iye ọjọ́ àti owó lọ.

Ibẹ̀ ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gbé iṣẹ́ ìṣánlẹ̀ àti gọ́tà fún agbaṣẹ́ṣe kọ irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n lò sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n má ṣe kọ katapílà nìkan. Ìwọ àgbẹ̀ tó sì fẹ́ pe katapílà sí oko lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o tó san owó, béèrè lọ́wọ́ awakọ̀: kí ló fẹ́ so mọ́ ọn, ṣé yóò gé igi ni àbí yóò hú gbòǹgbò, báwo ló sì ṣe ń dán ìkọ́ rẹ̀ wò kó tó gbé e sókè?