Ṣé o mọ̀? Ọmọ Nàgó wà ní erékùṣù àwọn òkú tó ń rìn

Ṣé o mọ̀ pé fíìmù I Walked with a Zombie ti ní orúkọ kó tó ní ìtàn? Ní 1942, iléeṣẹ́ RKO ní Hollywood gba Val Lewton, ọmọ bíbí ìlú Yalta, pé kó máa bá àwọn ṣe fíìmù adẹ́rùbani olówó pọ́ọ́kú. Ìnáwó fíìmù kan kò gbọdọ̀ kọjá 150,000 dọ́là, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 75, àwọn ọ̀gá ni yóò sì máa sọ ọmọ lórúkọ. Lewton mú ìtàn Jane Eyre tí Charlotte Brontë kọ, ó gbé e lọ sí erékùṣù kan ní Kàríbíánì, ó sì fi iṣẹ́ olùdarí lé Jacques Tourneur lọ́wọ́. Fíìmù náà jáde ní 1943. Kò sí òkú tó ń jẹ ènìyàn níbẹ̀. Òjìji, afẹ́fẹ́ nínú oko ìrèké àti ìlù tó ń dún lókèèrè ni wọ́n fi dẹ́rù bani.

Ṣé o mọ̀ pé àròsọ ni erékùṣù Saint Sebastian inú fíìmù yìí? Ìtàn àwọn dúdú tó ń gbé ibẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Nínú àgbàlá olóko ìrèké, ère Saint Sebastian dúró tòun ti ọfà lára. Iwájú ọkọ̀ akẹ́rú tó kó àwọn baba ńlá wọn wá ni ère náà wà tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ ẹlẹ́ṣin ń ròyìn ọkọ̀ yìí fún Betsy, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánádà dé, ó ń sọ bí wọ́n ṣe fi ẹ̀wọ̀n so wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Èsì nọ́ọ̀sì ni pé ibi tó lẹ́wà ni wọ́n sáà kó wọn wá. Lójú tèmi, kò sí ibi tó dẹ́rù bani tó ìyẹn nínú gbogbo fíìmù náà.

Ṣé o mọ̀ pé nínú àwọn tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ Nàgó? Nàgó ni àwọn Fọ̀n ń pe àwọn Yorùbá apá Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣakétẹ́. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n ń tà wọ́n ní Ouidah àti Àjàṣẹ́ sí Saint-Domingue, ilẹ̀ tí ń jẹ́ Haiti lónìí. Títí di òní, ìran Nàgó ní àyè tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn Vodou ní Haiti, Ogou ló sì ṣíwájú wọn. Ṣé ó yẹ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Kétu? Nínú fíìmù Lewton, Damballah ni wọ́n ń ké pè ní ojúbọ, ìyẹn Dan, òrìṣà ejò ti àwọn Fọ̀n. Ẹni tó ń ṣọ́ oríta nínú oko ìrèké ni Carrefour, tí Darby Jones ṣe, ọkùnrin gíga tí ojú rẹ̀ yọ síta. Ẹni tó dàgbà ní Kétu mọ ẹni tó ni oríta. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n sọ ọ́ di odi, nígbà tó jẹ́ pé agbọ̀rọ̀sọ ni ẹni tí a mọ̀ níbí.

Ṣé o mọ ohun tó ń ba àwọn ará Haiti lẹ́rù gan-an? Wọn kì í sábà bẹ̀rù pé sọ́ḿbì yóò lù wọ́n. Ẹ̀rù pé àwọn fúnra wọn yóò di sọ́ḿbì ló ń bà wọ́n. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ènìyàn bá kú, ẹ̀mí rẹ̀ á padà sí Ginen, ìyẹn ilẹ̀ Áfíríkà. Fún ọ̀pọ̀ ẹrú, ikú nìkan ni ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ olóko. Sọ́ḿbì ni ẹni tí wọ́n gba ọ̀nà ilé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀: ó kú tán, ó tún ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá. Wo fíìmù White Zombie ti 1932, tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Halperin fi nǹkan bí 50,000 dọ́là ṣe. Bela Lugosi ni olówó ilé ìfúnrèké, àwọn òkú ló ń yí ọlọ. Ọ̀kan já sínú ọlọ, àwọn yòókù kò dúró. Àsìkò tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Haiti, láti 1915 sí 1934, ni ìtàn yìí wọ Hollywood, pàápàá nípasẹ̀ ìwé The Magic Island tí William Seabrook gbé jáde ní 1929.

Àkúdàáyà tiwa yàtọ̀. Ó kú ní ìlú kan, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó ń ṣòwò. Kò ní ọ̀gá.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ìwà ọ̀daràn Haiti, ní ẹsẹ̀ 246, mẹ́nu kan ẹni tó bá fún ènìyàn ní oògùn tó mú un sùn bí òkú? Bí wọ́n bá sin onítọ̀hún, ìpànìyàn ni. Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé dúdú ará Amẹ́ríkà, ya fọ́tò obìnrin kan ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ ní 1936, ẹni tí wọ́n ní ó ti kú láti 1907.

Ṣé o mọ̀ pé Kétu fúnra rẹ̀ kú, ó sì jí? Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì pa ìlú náà run, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Abomey. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, àwọn tó kù padà wá tún ilé kọ́. Akaba Idena, ẹnu bodè àtijọ́, ṣì dúró. Ní Bahia, ní Brazil, Kétu ni orúkọ ìran Candomblé tó gbajúmọ̀ jù.

Ẹ̀yin tó ń ya fíìmù ní Kétu, ní Pobẹ̀, ní Kútọnu: ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni Lewton fi sí ẹnu awakọ̀ ẹlẹ́ṣin yẹn. Ẹ wo fíìmù náà, ìṣẹ́jú 69 péré ni, kí ẹ sì ṣe èyí tí ìtàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá rẹ̀.