Ọmọ Titun Lẹ́nu Ọyàn: Ohun Tí Ìdílé Lèma Lè Máa Retí

Bí obìnrin bá bímọ ní Lèma, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè ní ilẹ̀ Benin, tàbí tó bí i sí Ìbàdàn, ohun kan náà ni yóò rí ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́: omi ọyàn tó ń jáde kéré, ó ki, ó sì pupa rúsúrúsú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á sí ìdọ̀tí tó yẹ kí a fún dànù, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ gan-an ni èròjà tó ń gbógun ti àrùn pọ̀ sí jù, ìwọ̀nba tó sì jẹ́ ló bá ikùn ọmọ titun mu.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF fi ní kí a gbé ọmọ sọ́yàn láàárín wákàtí kan tí a bí i, kí ó má mu ohun mìíràn, títí kan omi, fún oṣù 6, kí ó sì máa mu ọyàn lọ pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń fa ọyàn, ọpọlọ ìyá a tú èròjà méjì sínú ẹ̀jẹ̀: prolactin, tí ń mú kí ọyàn ṣe wàrà, àti oxytocin, tí ń tì í jáde, tí ó sì ń mú ilé-ọmọ súnkì, èyí tó fà á tí inú fi ń run ìyá lásìkò náà. Nítorí náà, omi tàbí àgbo tí a rọ fún ọmọ nítorí ìbẹ̀rù pé ọyàn kò tó ni í sọ ọ́ di pé kò tó lóòótọ́, torí pé ọmọ tó ti yó kò ní fa ọyàn, ọyàn tí a kò sì fà kò ní ṣe wàrà púpọ̀.

Ọmọ lè mu ọyàn ní ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru, ó sì lè fọn díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ọyàn ń tó o. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ là dáadáa, kí ó gba apá dúdú ọyàn mọ́ orí rẹ̀. Bí ìrora orí ọyàn kò bá lọ, kí ìyá fi han agbẹ̀bí, bí ibà bá sì bá ọyàn tó le tó sì pọ́n rìn, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ láìfi falẹ̀.

Òfin iṣẹ́ tí Benin ṣe ní ọdún 1998 fún obìnrin tó ń gbowó oṣù ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn, títí oṣù 15, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń roko tàbí tó ń pàtẹ lọ́jà kò ní ọ̀gá tí yóò fún un ní wákàtí náà. Ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló kù tí ó lè fún un: kí wọ́n gba omi pípọn, igi ṣíṣẹ́ àti oúnjẹ sísè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ife omi kúrò lẹ́nu ọmọ.